Fíríìjì alágbèéká fún àgọ́: èyí tó ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni kẹ́ ẹ rà

Ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú tàn yín ra èyí tí kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀ kí fíríìjì lè tutù), ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní thermoelectric. Bó ti wù kó ṣe é tó, nǹkan bí 20°C ló lè fi tutù ju àyíká rẹ̀ lọ. Bí ooru bá dé 35°C, inú rẹ̀ á wà ní 15°C, ẹran á sì bàjẹ́. Oníkọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ 12V lè sọ omi di yìnyín nínú ooru kan náà.

Lítà 40 tó ẹni méjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ń fa wọ́ọ̀tì 45 fún wákàtí 8 lójúmọ́, nǹkan bí 30Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbé) ló máa jẹ lójúmọ́. Bátìrì lithium 100Ah á gbé e fún ọjọ́ mẹ́ta.

Wáyà ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀. Tó bá tín-ín-rín tó sì gùn, agbára iná á ti dínkù kó tó débẹ̀. Fíríìjì á rò pé bátìrì ti ń kú, á sì pa ara rẹ̀. Ẹ lo wáyà 6mm², kí fíúsì wà nítòsí bátìrì. Tó bá jẹ́ bátìrì tó ń jí ọkọ̀ lẹ fi ń lò ó, ẹ yan High níbi ààbò bátìrì lára fíríìjì náà, kó lè tètè pa ara rẹ̀ kí bátìrì má bàa kú.

Ẹ má dí ihò fáànù. Ohun mímu gbígbóná ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ mú un tutù nílé, ẹ jọ̀ọ́!