S23 Ultra lọ́wọ́ aránṣọ kan ní Adó-Èkìtì

Fóònù Samsung tí wọ́n ń pè ní Galaxy S23 Ultra ni mò ń lò báyìí. Tòkunbọ̀ ni mo rà, ní Òkèyìnmi níbí ní Adó, torí iye tí wọ́n ń pe tuntun kò ṣe é gbọ́ sétí. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán, aṣọ ẹbí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ géèmù lẹ́nu mi. Títóbi rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí òun ni gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ń bi mí sí: "Àǹtí, ṣé kò tóbi jù báyìí?"

Ó tóbi lóòótọ́. Ínṣì 6.8 ni ojú rẹ̀ láti igun dé igun, ó sì wúwo tó gíráàmù 234. S10e tí mo lò ṣáájú rẹ̀, ínṣì 5.8 ni, gíráàmù 150 péré. Ẹni tí kì í bá ṣe aránṣọ lè rò pé kí ni ínṣì kan jẹ́. Ẹ bi ẹni tí wọ́n fi ínṣì kan gé bùbá kéré fún lọ́jọ́ ìnáwó.

Ibi tó ti wúlò fún mi jù ni ìgbà tí àwọn oníbàárà bá wá mú sítáì. Pẹ̀lú fóònù kékeré, màmá kan á gbé e jìnnà sójú, á tún fà á súnmọ́ra, á ní kí n bá òun fẹ̀ ẹ́, ẹni kejì á ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, mo máa ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ ni. Àwọn mẹ́ta á tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á rí bí wọ́n ṣe to sítóònù sọ́wọ́ léèsì, wọ́n á rí ibi tí síìpù gbà. Àríyànjiyàn "èyí kọ́ ni mo mú o" ti dín kù gan-an ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Kálàmù rẹ̀ tí a fi ń kọ nǹkan sójú rẹ̀ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ lápá òsì ló ń gbé. Tí mo bá fà á yọ nígbà tí ojú fóònù ṣì ṣókùnkùn, ojú dúdú yẹn náà ni mo máa ń kọ ìwọ̀n sí: àyà 42, ìdí 46, láì tíì ṣí ojú fóònù rárá. Mo tún máa ń ya aṣọ tí wọ́n gbé wá, màá fi ìlà pupa fa ibi tí ọrùn máa gbà, màá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín ní Èkó lórí WhatsApp. Òun náà á ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. A ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ tí ọ̀rọ̀ á ti parí.

Note ni Samsung ń pe àwọn fóònù oníkálàmù yìí tẹ́lẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 2011, ínṣì 5.3 ni, àwọn èèyàn sì fi ṣẹ̀sín pé ó ti tóbi kọjá ààlà. Lónìí, fóònù olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń lò ju ìyẹn lọ fíìfíì. Note 20 ti ọdún 2020 ló kẹ́yìn nínú wọn. S22 Ultra ló jogún kálàmù náà ní 2022.

Kámẹ́rà rẹ̀ tó ń fa nǹkan súnmọ́ni ní ìlọ́po mẹ́wàá ti fi mí ṣe amí. Níbi ìsìnkú kan ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n to àwa tí kò ra aṣọ ẹbí sí, síbẹ̀ mo rí gbogbo ìṣẹ́po èjìká bùbá màmá tó jókòó níwájú. Mo ti rán irú rẹ̀ fún èèyàn. Nígbà tí mò ń lọ sílé, mo dúró lójú títì ya Olósùnta, koríko tó hù sínú pàlàpálá àpáta náà hàn ketekete.

Ó yá, wàhálà rẹ̀. Ọwọ́ kan kò ká a. Àtàǹpàkò mi kò dé òkè rẹ̀, bó ti wù kí n nà án. Wọ́n fi ètò kan síbẹ̀ tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di kékeré wá sísàlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ kan lò ó, mo tàn án, mo sì pa á. Ṣé kí n ra ńlá kí n tún máa lò ó ní kékeré ni? Ẹ wá wo ìdí iyán. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú ẹ̀fọ́, fóònù ń dún. S10e, ọwọ́ òsì gbé e, ó fà á, ó ti parí. Eléyìí, àfi kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n máa fi ìka kan lé e kiri. Èkìtì sì ni mò ń gbé, ẹ mọ iye ìgbà tí à ń jẹ iyán.

Ìró kò tún ní àpò. Fóònù kékeré, màá rọ́ ọ mọ́ etí ìró, màá máa bá tèmi lọ. Ti eléyìí, ìró á tú lójú ọjà. Inú báàgì ló ń wà, ẹni tó bá sì pè mí nígbà tí mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà láti Ajílósùn, á pè títí ni, torí mi ò lè yọ irú fóònù báyìí síta lórí ọ̀kadà. Tí mo bá dùbúlẹ̀ wò ó lálẹ́, ó ti já lù mí nímú rí, ó sì dùn mí dáadáa.

Bátìrì rẹ̀, 5000 mAh, ń gbé mi dálẹ́ kódà lọ́jọ́ tí a ò rí iná. Kò ní àyè mẹ́mórì káàdì, kò ní ihò ìyẹrí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi orí ṣájà sínú páálí rẹ̀, tuntun náà ni o.

Ẹni tó bá ń jókòó tì iṣẹ́ rẹ̀, tó ń yàwòrán, tó ń fi nǹkan han oníbàárà, mo ní kó rà á. Ọlọ́kadà àti ẹni tí ìpè nìkan ló ń fi fóònù ṣe, kí wọ́n fi owó wọn ṣe nǹkan míì. Èmi ti ra olótọ́ọ̀ṣì kékeré kan kún un fún ìpè. Òun ló ń wà létí ìró. Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ *#0*# níbi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà, ibẹ̀ lẹ máa ti dán ojú rẹ̀ àti kálàmù wò. Ẹ fi kálàmù fa gbogbo ojú rẹ̀ dé igun. Tí ibì kan bá kọ̀ tí kò gbà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á kí ẹ tó yọ owó.