Kálípà tí mo fi ń wọn páànù, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Ní Ìjẹ̀bú Òde níbí tí mo ti ń ṣe wẹ́dà, irin tó bá ṣáà ti pẹlẹbẹ, páànù la ń pè é. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan ní kí n bá àwọn ṣe géètì kí Ojúde Ọba tó dé. A fẹnu kò sí géèjì 16 (géèjì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí irin ṣe ki tó), owó géèjì 16 náà ni mo sì san ní ṣọ́ọ̀bù. Àfi bí mo ṣe fi iná sí i tó ń lu jálẹ̀! Géèjì 18, tó fẹ́lẹ́ ju 16 lọ, ni wọ́n kó fún mi. Ẹ̀gbọ́n rò pé mo jẹ owó àwọn ni. Ó dùn mí wọra.

Bí mo ṣe ra kálípà oníbátìrì nìyẹn, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń há irin láti wọn bó ṣe ki tó. Mi ò béèrè géèjì mọ́, mìlímítà ni mò ń béèrè. Bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni irin ń fẹ́lẹ́ sí i. Géèjì 16 irin dúdú jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1.5, géèjì 18 jẹ́ nǹkan bíi 1.2. Ẹ mú géèjì 18 alumíníọ́mù wá, bíi mìlímítà 1 péré ni. Géèjì 18 náà ni wọ́n ń pe méjèèjì o! Páànù la ń pe gbogbo rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí irin bá ti tó mìlímítà 6, kì í ṣe páànù mọ́, pléètì ni. Èyí tó fẹ́lẹ́ bíi ti mọ́ín-mọ́ín, fọ́ìlì nìyẹn.

Kálípà yìí ní àbùkù tirẹ̀. Etí páànù tí ẹ̀rọ gé máa ń yọ eyín. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n níbẹ̀, yóò pè é ní irin tó ki ju bó ṣe rí lọ. Mo máa ń fi fáìlì ha á ná. Ọ̀dà náà ń fi kún un. Bátìrì rẹ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ní Ṣágámù, ni mo bá ní kí wọ́n gbé páànù sórí òṣùwọ̀n. Páànù irin ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 tó bá jẹ́ mìlímítà 1.5 yóò wọn nǹkan bíi kílò 35; ti 1.2 kò ju bíi 28 lọ. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún mi wọn 28. Mo dá a padà.

Ẹ rà á, ó tó owó rẹ̀. Géètì ẹ̀gbọ́n yẹn, mo tú u, mo sì fi owó ara mi ra 1.5. Àwọn fúnra wọn ni mo gbé kálípà fún kí wọ́n ka ohun tó wà lójú rẹ̀ kí n tó gé e.