Okùn tí wọ́n pè ní náílọ́ọ̀nù fún mi ní Lágere

Èèkàn nìkan ni mo bá. Òjò àkọ́rọ̀ fi ìjì bọ̀ ní Ifẹ̀ lóru, nígbà tó di aago mẹ́fà àárọ̀, mo ní kí n yọjú sí ọkọ̀ ọpẹ́rẹ́ mi létí ìsédò Ọpa nínú ọgbà Yunifásítì. Okùn tó kù lára èèkàn kò gùn ju apá mi lọ. Ọkọ̀ ti gba òdìkejì lọ, ó dojú dé sáàárín koríko, àjẹ̀ méjèèjì sì ti bá omi lọ. Mo fọwọ́ ra ojú ibi tó ti já, ó ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Oṣù márùn-ún péré! Mítà 20, ₦600 ni mítà kan, ₦12,000 geerege. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé náílọ́ọ̀nù gidi ni: "Ẹ̀gbọ́n, èyí lè fa tírélà."

N kò jẹun kí n tó gun ọ̀kadà lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Lágere. Bí mo ṣe kó okùn jáde nínú ọ̀rá, ọmọ náà ò gbójú sókè lára fóònù. Ó ní ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Mo ní ta ló ní kó gbà á, àlàyé ni mo ń bèèrè. Ó tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá eku ló jẹ ẹ́."

Eku! Lórí omi!

Ariwo mi ló mú màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti ẹ̀yìn. "Tíṣà, ẹ má bínú, ẹ jókòó ná." Wọn ò jiyàn rárá. Wọ́n gé díẹ̀ lára okùn mi, wọ́n jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi: ó léfòó. Wọ́n gé díẹ̀ lára okùn mìíràn lókè: ó rì. "Náílọ́ọ̀nù kì í léfòó. Okùn ọ̀rá lásán ni wọ́n tà fún yín." Ẹnu ọmọ náà wọhò. Polypropylene lorúkọ rẹ̀, mo wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Kò burú fún iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀, ibi tí mo so ọkọ̀ mi sí kò sì ní ìbòòji kankan. Náílọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ máa ń nà bí ìjì bá fa ọkọ̀, á sì tún sún kì.

Mo ń retí ẹ̀bẹ̀. Màmá bá bi mí pé, "Ẹ̀yin náà, báwo lẹ ṣe so ó?"

Mo ṣàlàyé. Okùn kan ṣoṣo, láti imú ọkọ̀ sí èèkàn, mo sì so ó pinpin kí olè má baà rọ́nà tú u. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Apẹja ni ọkọ wọn tó ti di olóògbé, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti jọ gbé. Wọ́n fi okùn ṣe òrùka kékeré, wọ́n ti orí rẹ̀ bọ inú òrùka láti ìsàlẹ̀, wọ́n yí i gba ẹ̀yìn ìyókù okùn, wọ́n tún tì í wọ inú òrùka kékeré náà padà. Bí ọkọ̀ ṣe wù kó fà á tó, òrùka ńlá tó yọ lábẹ́ rẹ̀ kì í fún, ó sì rọrùn láti tú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí èmi tíṣà so ó, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tú u dànù. Wọ́n gé rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi, wọ́n fi wọ okùn níbi tó ti ń ha etí ọkọ̀: "Ibi tó bá ti ń ha ni okùn ti ń kú." Wọ́n ní kí n so iwájú àti ẹ̀yìn mọ́ èèkàn méjì, kí n dẹ okùn sílẹ̀ díẹ̀ nítorí omi á kún, kí n sì máa lọ wò ó.

Náílọ́ọ̀nù gidi jẹ́ ₦1,100 ní mítà kan. Wọ́n ka ₦12,000 mi mọ́ ọn, mo fi ₦10,000 lé e. Rọ́bà ò gbowó. Ọmọkùnrin yẹn ló bá mi gbé e dé ìdí ọ̀kadà, kò bẹ̀ mí, ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa rọra so ó o." Èmi!

Ìjì ti jà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, ọkọ̀ mi ò kúrò lójú kan.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Kò tíì sẹ́ni tó san owó àjẹ̀ mi.