Òkè Sínáì lẹ́yìn òjò dídì: ẹ béèrè amọ̀nà kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò ìrìn àjò ọjọ́ kan láti Dahab lọ sí ìlú Saint Catherine ní Íjíbítì nígbà òtútù, ẹ ka èyí ná. Ilé iṣẹ́ tó gbé wa lọ gbìyànjú níbì kan, wọ́n já wa kulẹ̀ níbòmíràn. Bàbá Bẹ́dúì, ìyẹn Lárúbáwá aginjù, tó mú wa gun òkè ni kò jẹ́ kí n kábàámọ̀ owó mi.

Òjò dídì ṣọ̀wọ́n ní Íjíbítì. Ní Dahab létí òkun, súẹ́tà kan ti tó. Ṣùgbọ́n ìlú Saint Catherine ga tó nǹkan bíi mítà 1,600, Òkè Sínáì ga ní mítà 2,285, Òkè Catherine tó múlé tì í sì ju 2,600 lọ, òun ló ga jù ní gbogbo Íjíbítì. Bí ìjì bá gbé ọ̀rinrin wá láti Òkun Mẹditaréníà, ohun tó jẹ́ òjò nísàlẹ̀ lè dì lókè.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi gbéra. Ìrìn bíi wákàtí méjì ni. Àwọn sọ́jà ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ẹ má fi pásípọ́ọ̀tù sílé. Dẹ́rẹ́bà mọ ọ̀nà, kò sáré àsápajúdé, mo yìn ín fún ìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rọ tó yẹ kó mú inú bọ́ọ̀sì gbóná kò ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé ká mú ìbọ̀wọ́ dání. Nígbà tí oòrùn là, gbogbo wa gbàgbé òtútù: àpáta pupa foò, aginjù tí kò ní igi kan ṣoṣo, òjò dídì sì kùn ún ní ẹfun láti orí dé àyà.

Ọmọ ẹ̀yà Jebeliya ni bàbá náà. Àwọn ni wọ́n ń ṣe amọ̀nà níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ìtàn wọn sọ pé Olú Ọba Róòmù, Justinian, ló kó àwọn baba ńlá wọn wá láti máa ṣọ́ ilé àwọn mọ́ǹkì (àwọn ọkùnrin Kristẹni tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà) tó kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ràkúnmí lọ́jọ́ náà, ó ní ẹsẹ̀ ràkúnmí kì í di yìnyín mú. Nígbà tí a dé ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n fi orúkọ Èlíjà pè, tó ku àtẹ̀gùn òkúta 750, ó ní ká jókòó. Òun nìkan gòkè díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá lu àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ó ń fi gìgísẹ̀ ha á. Ibi tí òjìji wà ti dì gbagidi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó se tíì fún wa, ó ní ká dúró de oòrùn.

Dẹ́rẹ́bà ń pè lórí fóònù pé ká yára. Bàbá ò dá a lóhùn. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ní oṣù Kejì ọdún 2014, ọmọ Íjíbítì mẹ́rin kú sínú ìjì òjò dídì lórí àwọn òkè agbègbè yìí.

Nígbà tí oòrùn kan àtẹ̀gùn, a gòkè. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan àti mọ́ṣáláṣí kékeré kan ló wà ní ṣóńṣó orí òkè. Mo ka Òfin Mẹ́wàá sókè, arábìnrin Mùsùlùmí tó bá wa rìn kírun, omijé sì bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Ìbínú mi rèé: ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí òkè àti ilé àwọn mọ́ǹkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò níbẹ̀, ó sì ti tì kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó wá nítorí igbó inú ọgbà wọn, tí wọ́n ní Mósè rí tó ń jó, ní ìdí láti dárò. Bí òjò dídì bá wà nílẹ̀, ẹ sùn ní Saint Catherine lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ wo ilé mọ́ǹkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ilé iṣẹ́ náà. Bàbá gba márùn-ún pé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ọmọ Jebeliya ni yóò mú yín gòkè, àti bóyá òun ló láṣẹ láti sọ pé kí ẹ padà.