Ọmọbìnrin tí kò gba owó mi: àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù ewé òkun kan ní Àgbádárìgì

Owó wà lọ́wọ́ mi, ọjà wà lórí káńtà, ọmọ tó ń tajà ní òun kò tà. Ohun tó mú mi gbé fóònù láti kọ èyí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ adùn àti ìwúlò á tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Sátidé ni. Ọjà Agbálátà ni mo ti ń bọ̀, òjò ti pa mí, ẹrẹ̀ ti dé kókósẹ̀ mi. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ewé òkun gbígbẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀: nori tó dà bí bébà dúdú, kombu tó le bí awọ ìlù, ìyẹ̀fun kelp nínú agolo, àti jẹ́ẹ̀lì sea moss nínú ìgò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi fóìsì nóòtì oníṣẹ́jú mẹ́jọ ránṣẹ́ sí mi pé kò sí ohun tó dà bí ìyẹ̀fun yẹn fún gẹ̀gẹ̀. Ìyá mi ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo gbé agolo méjì sórí káńtà.

"Mọ́mì, ẹ kú òjò. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó àbí ẹlòmíì?"

"Ìyá mi ni."

"Kí ló ń ṣe wọ́n, mà?"

Mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi. Ó wo ọ̀fun mi, ó tún wo ojú mi. "Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀ rí? Ṣé oògùn kan wà tí wọ́n máa ń lò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ó fẹ́ ti ọjà mìíràn mọ́ mi lọ́wọ́ ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àfi bí ọmọ yìí ṣe na ọwọ́, tó fa agolo méjèèjì sọ́dọ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, mi ò ní lè ta èyí fún yín."

Èmi! Lójú bàbá tó ń dúró de POS, lójú àwọn ọmọ iléèwé méjì tó ń ra bísíkíìtì! Mo bú sí ariwo. Mo bi í bóyá mo jọ ẹni tó wá jalè. Máníjà yọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó ń nu ẹnu. "Tà á fún wọn jàre. Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn." Ọmọ náà kò dá a lóhùn, kò sì gbé agolo padà. Ó fa bébà tí wọ́n fi ń di ọjà, ó kọ 150 sórí ẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.

"Mọ́mì, áyódínì, èròjà tí ẹṣẹ́ ọ̀fun (thyroid) fi ń ṣiṣẹ́, tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ nìyí, 150 microgram. Kò ju ẹyọ iyọ̀ méjì mẹ́ta lọ. Gíráàmù kan péré nínú kelp yìí lè ní ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ bá ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀, ó lè da nǹkan rú fún un. Ẹ bi dókítà wọn léèrè ná. Tó bá ní kí wọ́n jẹ ẹ́, èmi náà á gbé e wá sílé yín."

Mo bi í pé ta ló fi í joyè dókítà. Kí n má bàa jáde lọ́wọ́ òfo bí ẹni tí wọ́n lé, mo ra nori páálí kan àti jẹ́ẹ̀lì ìgò kan fún ara mi. Bí mo ṣe bú u tó, ó tún ge kombu bí àtẹ́lẹwọ́ kan sínú náílọ̀n mi. "Èènì yín nìyẹn, mà. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi ọbẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ tó bá yá. Ẹ má fún màmá o." Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni mo wà tí mo fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí nọ́mbà ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ wọn kò lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n mú un kúrò níwájú oníbàárà. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ ná, a máa padà sí i.

Ó dáa, ọjà. Nori ń rùn bí etí òkun Gbẹrẹfú láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Àbíkẹ́yìn mi kò tiẹ̀ gbọ́ òórùn. Ó fi we ìrẹsì àti ẹja díndín, ó jẹ mẹ́ta, ó ń wá ẹ̀kẹrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní SS2 ka ẹ̀yìn páálí fún wa pé protein pọ̀ nínú rẹ̀ bí ti ẹran. Òótọ́ ni, bí ẹ bá wọn ọ́n ní gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ewé kan kò ju gíráàmù mẹ́ta lọ. Ká tiẹ̀ ní ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni protein, gíráàmù kan péré nìyẹn. Ẹja ṣawá kan á fi í ṣẹ̀sín. Ohun tí mo rí ní tèmi ni pé inú mi tó máa ń le koko dẹ̀, torí okùn oúnjẹ (fibre) wà nínú rẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èyí tí wọ́n fi iyọ̀ àti òróró yan kì í ṣe fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Bí ẹ bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fítámì K inú ewé yìí lè dí i lọ́wọ́, ẹ sọ fún dókítà yín.

Kombu tí wọ́n fi ṣe èènì ló yà mí lẹ́nu jù. Mo bọ̀ ọ́ nínú omi ọbẹ̀ ẹja, mo yọ ọ́, mo tọ́ ọ wò. N kò tíì fi máàgì sí i, àmọ́ ó dùn bí ìgbà tí mo ti fi sí i! Àṣé inú ewé yìí gan-an ni Ikeda Kikunae, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo, ti rí adùn náà fà yọ lọ́dún 1908, òun ló sì di Ajinomoto lọ́dún tó tẹ̀lé e. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bu funfun sọ́bẹ̀, n kò mọ̀ pé inú ewé òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní Kòríà, ọbẹ̀ ewé òkun tí wọ́n ń pè ní miyeok-guk ni wọ́n ń sè fún ìyá ìkókó, bí àwa ṣe ń se ọbẹ̀ ata gbígbóná, wọ́n sì tún ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ìbí.

Jẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́. Ara ìgò ni wọ́n kọ ọ́ sí pé èròjà 92 ló wà nínú rẹ̀ nínú 102 tí ara ènìyàn nílò. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní gbogbo èròjà tí sáyẹ́ǹsì mọ̀ láyé yìí kò ju 118 lọ, òjé àti mákúrì wà nínú wọn. Ṣé ìyẹn náà la fẹ́ máa fi ṣíbí bù mu? Wọ́n ní á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú fíríìjì. Fíríìjì wo? Wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ Ajé, wọn kò mú un dé títí di Ọjọ́rú, jẹ́ẹ̀lì ti kan bí ògì tí wọn kò yí omi rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àbọ̀ náírà! Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Àmì méjèèjì di búlúù láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ààbọ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni máníjà tó dáhùn: "Ẹ̀yin lẹ kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa." Kò sí ẹ pẹ̀lẹ́, kò sí ẹ kú ìnáwó.

Ìyá Sẹ́wánù, alábàágbé mi, ní èmi ni mo fà á. "Òkun ń tu ú sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Gbẹrẹfú, ìwọ ń fowó rà á!" Ẹ má gbọ́ tirẹ̀ o. Èyí tó ń wọ́ wá sétí òkun wa, aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní àpò afẹ́fẹ́ wínníwínní bí ìlẹ̀kẹ̀, sargassum ni. Láti 2011 ló ti ń ya wọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó máa ń fa arsenic, májèlé nì, sínú ara rẹ̀, tó bá sì jẹrà, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló ń mú jáde. Wọn kì í fi ṣe oúnjẹ. Kódà nínú èyí tí wọ́n ń jẹ, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní hijiki, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ fún àwọn ènìyàn wọn láti 2004 pé kí wọ́n yé jẹ ẹ́ nítorí arsenic kan náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo mú ìyá mi lọ rí dókítà. Bébà tó ní 150 ṣì wà nínú báàgì mi, mo yọ ọ́, mo rò pé a jọ máa fi ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín ni. Dókítà wò ó. "Ta ló kọ èyí fún yín?" Mo ní ọmọ kan tó ń tajà ni. Ó ní kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òfin ti wà ní Nàìjíríà láti 1993 pé kí wọ́n máa fi áyódínì sí iyọ̀, nítorí náà ìyá mi ń rí tirẹ̀ jẹ nínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó kù nínú ẹṣẹ́ ọ̀fun wọn kò lè gbé ẹrù kelp, ó lè mú kí ó ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ tàbí kí ó dákẹ́ pátápátá. Ìyá mi yí ojú sí mi. "Ìwọ lo fẹ́ fún mi jẹ?" N kò rí nǹkan kan sọ.

Mo padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló wà ní káńtà, ó ń ta kelp fún obìnrin kan láìbi í léèrè ohunkóhun. Mo béèrè ọmọ yẹn. Máníjà rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká gbé e kúrò níwájú?"

Ó jáde wá láti ẹ̀yìn, náílọ̀n wà lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù, sea moss ló ń fọ̀. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì! Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí ọ." Ìyá mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn, bí mo ṣe bú u níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo sọ fún máníjà pé kí ó dá a padà síwájú, ó ní àwọn á wò ó. Mo béèrè owó jẹ́ẹ̀lì mi, ó ní wọn kì í dá owó padà. Mo tún ra nori méjì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra kelp, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n pe ẹni tó ń fọ sea moss lẹ́yìn wá fún yín.