Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìwádìí Orí Ẹ̀rọ àti Ìdarí Iṣẹ́ Àkànṣe fún Àwọn Agbófinró: Ibi Tó Ti Yege àti Ibi Tó Kù Sí

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí jẹ́ èyí tí wọ́n ṣètò fún àwọn ọlọ́pàá àti àwọn agbófinró mìíràn tí iṣẹ́ wọn kan ẹ̀rí inú fóònù, inú kọ̀ǹpútà àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Apá méjì ni ó ní. Apá kìíní dá lé bí a ṣe ń wá irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ àti bí a ṣe ń gbé e lọ síwájú adájọ́. Apá kejì dá lé bí ènìyàn ṣe ń darí iṣẹ́ àkànṣe tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, owó tí wọ́n ti là sílẹ̀ àti ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ parí. Mo lè sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé apá kìíní dára gan-an, àti pé apá kejì, èyí tó yẹ kí ó mú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yàtọ̀ sí òmíràn, ni wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Síbẹ̀, mo gbà pé ó yẹ kí àwọn tí ń darí ìwádìí lọ síbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yìn ni pé àwọn olùkọ́ kò fi sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan ni wọ́n mú wa wọ̀, tí wọ́n ti tò bí ẹni pé ilé afurasí ni: kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lórí tábìlì tí iná rẹ̀ ń tàn, fóònù kan wà lẹ́nu ṣájà, flash kékeré kan wà láàárín ìdì kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi sì wà lára ògiri. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá, pé kí ni a ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Àwọn kan ní kíláàsì dáhùn kíá pé kí a pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohunkóhun yí padà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé pé ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì, ìyẹn RAM, máa ń pòórá ní kété tí iná bá ti lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣínà, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti dísìkì pa àti àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lè wà. Bí wọ́n bá ti ti gbogbo dísìkì náà pa, ẹni tó bá yọ wáyà iná rẹ̀ lè má rí inú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ìlànà RFC 3227, ìwé ìtọ́nisọ́nà lórí bí a ṣe ń kó ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà jọ, tí ó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2002, ti to àwọn ohun wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ láti orí èyí tó ń tètè parẹ́ dé orí èyí tó ń pẹ́, tí mẹ́mọ́rì ṣáájú dísìkì, tí ohun tí wọ́n ti kó pamọ́ sí ààyè ọ̀tọ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá.

Ọ̀rọ̀ fóònù tún gba ọgbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹni tó ni ín lè wà níbòmíràn kí ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo inú rẹ̀ parẹ́. Bí a bá sì pa á, tí a tún un tàn, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò wà ní títì títí di ìgbà tí a bá tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ní kí a sọ ọ́ sínú àpò Faraday, tí kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò wọlé tàbí kí ó jáde, láìpa á. Wọ́n wá fi ohun kan kún un tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sọ: fóònù tó wà nínú àpò yìí kò ní yé wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wíwá tó ń wá a yìí a sì máa fa bátìrì rẹ̀ gbẹ kíákíá, nítorí náà ó yẹ kí páwà báǹkì wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé. Ẹnu ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí nìkan ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ti lè jáde.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà, wọn kò kánjú. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀dà dísìkì ni a ń yẹ̀ wò, pé dísìkì gan-an gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ èdìdì, àti pé nígbà tí a bá ń ṣe ẹ̀dà náà, a gbọ́dọ̀ lo write blocker, ohun èlò tí ń jẹ́ kí a ka dísìkì láìjẹ́ kí ohunkóhun kọ sórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó kan hash, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì náà. Wọ́n ní kí oníkálukú wa ṣí ìwé kékeré kan, kí ó ṣírò hash rẹ̀ pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n ń pè ní SHA-256, kí ó yọ kọ́mà kan ṣoṣo kúrò nínú ìwé náà, kí ó sì tún un ṣírò. Àmì 64 tó jáde lẹ́ẹ̀kejì kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí èyí yóò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé fún adájọ́ ìdí tí a fi lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀dà tí hash rẹ̀ bá bá ti ojúlówó mu. Wọn kò sì fi òtítọ́ pamọ́ fún wa nípa àwọn ìlànà àtijọ́: MD5, tí ó ti wà láti 1992, kò ṣeé fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, torí pé ní 2004 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ní MD5 kan náà, àwọn olùwádìí Google àti ti CWI, ilé ìwádìí ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ní Amsterdam, sì fi irú rẹ̀ hàn fún SHA-1 ní 2017.

Ibi tí ó wọ̀ mí lára jù ni ìwé tí a fi ń tọpa ẹ̀rí láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nínú ilé ẹjọ́ àfidánrawò tí wọ́n gbé kalẹ̀, agbẹjọ́rò tó dúró fún olùjẹ́jọ́ mú ìwé ẹgbẹ́ kan, ó fi ìka tọ́ ìlà kan níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé fóònù kúrò ní yàrá ẹ̀rí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó tọ́ ìlà tó tẹ̀ lé e níbi tí ó ti dé yàrá àyẹ̀wò ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, ọ̀dọ̀ ta ni fóònù yìí sùn?" Ẹgbẹ́ náà kò rí èsì fọ̀. Hash wọn pé, ẹ̀dà wọn mọ́, àmọ́ ẹ̀rí náà ti di ohun tí wọ́n lè jù nù. Wọ́n fi wa sílẹ̀ ká jíròrò ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ṣe dáadáa tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ lórí àkókò náà yẹ ní yíyìn. Windows máa ń ka àkókò fáìlì láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1601, Unix, ètò mìíràn tí ń darí kọ̀ǹpútà, sì máa ń ka tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1970, nítorí náà ẹni tí kò bá mọ ibi tí nọ́ńbà kan ti bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ ọjọ́ tó ń tọ́ka sí. Èyí tó tún léwu jù ni pé NTFS, ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, máa ń tọ́jú àkókò pẹ̀lú UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, nígbà tí FAT, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mìíràn tó wà lórí ọ̀pọ̀ flash, máa ń tọ́jú aago ibi tí kọ̀ǹpútà wà. Olùṣèwádìí tó bá da méjèèjì pọ̀ lè sọ pé ẹnì kan wà nídìí kọ̀ǹpútà ní wákàtí tí ẹni náà wà níbòmíràn pátápátá, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì lè ti ibẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n. Wọ́n kọ́ wa pé kí a máa kọ aago tó wà lójú ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tó péye ní ìṣẹ́jú tí a bá gbà á lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé orí ohun tí fáìlì máa ń gbé pamọ́ sínú, wọ́n mú ọ̀rọ̀ Dennis Rader wá, ẹni tó pa ènìyàn mẹ́wàá ní Wichita àti agbègbè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1974 sí 1991. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, ó fi floppy disk ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Nínú fáìlì tó ti pa rẹ́ lórí rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti rí orúkọ "Dennis" àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ kí oṣù náà tó parí. Mo mọyì rẹ̀ pé olùkọ́ wa kò dúró síbẹ̀, torí wọ́n fi hàn pé orúkọ yẹn kàn tọ́ka sí ẹni tí ó yẹ kí wọ́n wò ni, pé àyẹ̀wò DNA ni wọ́n fi kín in lẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan òfin, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti rí ohun tó yẹ kí ó so apá méjèèjì pọ̀. Àdéhùn Budapest lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2004, fàyè gba àwọn aláṣẹ láti pàṣẹ pé kí ẹni tí dátà wà lọ́wọ́ rẹ̀ má ṣe pa á rẹ́. Abala 16 fi gbèdéke ọjọ́ 90 sí i, ó sì gbà kí wọ́n tún un ṣe. Abala 35 ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí wọ́n lè kàn sí tọ̀sán tòru. Àṣẹ yìí kì í fún olùṣèwádìí ní dátà náà. Ó ṣì gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìbéèrè mìíràn, wọ́n lè ní láti túmọ̀ rẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba yóò kà á, ọ́fíìsì kan yóò fọwọ́ sí i, yóò gba ọ́fíìsì mìíràn ní òkè òkun kọjá, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí dátà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnì kan tó ń ka ọjọ́ yẹn, tó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ìwé wà lónìí àti ẹni tí ó yẹ kí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́la, dátà yóò parẹ́ láìsí ẹni tó ṣẹ̀ sófin. Ìdarí iṣẹ́ àkànṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí òfin lásán, wọ́n pa ìwé dé, a jáde lọ sinmi, nígbà tí a sì padà, olùkọ́ mìíràn ti dúró pẹ̀lú àwòrán afárá tí wọ́n ń kọ́.

Mi ò sọ pé olùkọ́ yìí kò mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ṣàlàyé àtẹ Gantt, tí ń fi ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí hàn, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kọ àwọn ewu tó lè ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ dáadáa lórí bí a ṣe ń pín iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní ni pé àpẹẹrẹ wọn, ọ̀dọ̀ àwọn kọ́lékọ́lé àti oníṣòwò ni wọ́n ti mú wọn wá, bẹ́ẹ̀ àpẹẹrẹ wà nílé àwọn agbófinró fúnra wọn. FBI, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Virtual Case File, kí àwọn olùṣèwádìí wọn lè bọ́ lọ́wọ́ ìwé títò. Ní 2005, lẹ́yìn tí owó tí wọ́n là sílẹ̀ fún un ti tó mílíọ̀nù 170 dọ́là, wọ́n pa á tì. Ìwádìí olùbẹ̀wò Ẹ̀ka Ètò Ìdájọ́ Amẹ́ríkà fi hàn pé ohun tí wọ́n fẹ́ kí ètò náà ṣe kò yé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń yí padà ṣáá, àwọn tí ń darí rẹ̀ náà sì ń pààrọ̀ ara wọn. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, Sentinel, fà gùrọ̀gùrọ̀ títí FBI fi gbà á sọ́wọ́ ara wọn ní 2010, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2012. Ojú ewé kan péré ni wọ́n fi kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá fi gbogbo ọjọ́ kan tú u wò, èrè rẹ̀ ì bá pọ̀ ju ti afárá lọ.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìdánrawò kan wà ní apá kejì tó dára gidigidi: wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹjọ́ gbájú-ẹ̀ kan tí wọ́n ti kó fóònù àti kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ níbẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò méjì péré, wọ́n sì ní kí a pinnu èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣí àti èyí tí a kò ní ṣí rárá. A kò lè pinnu ohunkóhun títí a fi kọ ìbéèrè tí ẹjọ́ náà fẹ́ dáhùn sílẹ̀: ta ló gba owó náà, inú àkántì wo ló wọ̀, ta ló sì bá ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì sọ̀rọ̀? Nígbà tí èyí yé wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà kúrò nílẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀gá tó bá ṣe èyí ní ọ́fíìsì rẹ̀ yóò dín ẹ̀rí tó ń dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù kù, yóò sì dáàbò bo àṣírí àwọn tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Ohun mìíràn tó yẹ kí wọ́n fi àyè gbà ju bí wọ́n ṣe ṣe lọ ni ìlera ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wo àwòrán ìfìyàjẹ ọmọdé lójoojúmọ́. Wọ́n mẹ́nu bà á, wọ́n ní kí a máa yí iṣẹ́ náà ká láàárín òṣìṣẹ́, kí a máa pa ohùn fídíò nígbà tí kò bá pọn dandan láti gbọ́ ọ, kí a sì jẹ́ kí wọ́n rí onímọ̀ ìlera ọkàn bá sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ojúṣe ọ̀gá ni, ó sì yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ odindi nínú apá ìdarí.

Ní ti irinṣẹ́, Autopsy, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí a fi ń yẹ inú dísìkì wò, ni wọ́n fi kọ́ wa jù, ìpinnu yẹn sì dára fún ọ́fíìsì tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ìdánwò ìparí kò tẹ́ mi lọ́rùn: ìbéèrè tí wọ́n ti kọ èsì mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀ kò lè fi hàn bóyá ènìyàn lè dúró níwájú agbẹjọ́rò tó ń bi í ní ìbéèrè. Ilé ẹjọ́ àfidánrawò yẹn ni ó yẹ kí wọ́n fi gba máàkì.

Olùṣèwádìí tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí díẹ̀ yóò jèrè púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì yẹ fóònù kan wò rí yóò rí i pé ó yára jù fún òun. Ìmọ̀ràn mi fún àwọn tí ń rán ènìyàn lọ ni pé kí wọ́n rán olùṣèwádìí àti ọ̀gá tí ń buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n jókòó sínú ẹgbẹ́ kan náà. Ohun tí mo sì ń bẹ àwọn olùṣètò fún ni pé kí wọ́n gbé ẹjọ́ kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí àṣẹ ìtọ́jú dátà ọlọ́jọ́ 90 wà nínú rẹ̀, kí wọ́n gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri, kí olùkọ́ òfin, olùkọ́ ẹ̀rọ àti olùkọ́ ìdarí sì jọ máa kọ́ni lórí ẹjọ́ kan náà títí yóò fi dé iwájú adájọ́.