Ẹ ṣọ́ra o! Sítíkà SkyHawk, inú Barracuda

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun gan-an ni wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Háàdì mẹ́rin tí fídíò kámẹ́rà ń wọlé sí, ₦340,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦1,360,000!

Kámẹ́rà ààbò (CCTV) 16 ni mo fẹ́ gbé sí stọ́ọ̀ kan, kí fídíò ọgbọ̀n ọjọ́ lè wà nílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé 4 Mbps wá, ìyẹn 43 GB lójúmọ́. Gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ nǹkan bí 690 GB, ọgbọ̀n ọjọ́ á sì jẹ 20.7 TB. Háàdì 8 TB mẹ́rin lórí RAID 5 (ètò tó so wọ́n pọ̀ bí ẹyọ kan, tó ń fi àyè háàdì kan sílẹ̀ kí fídíò má bàa lọ bí ọ̀kan bá kú) á fún wa ní 24 TB. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò ṣírò o.

SkyHawk ST8000VX, háàdì Seagate tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà, ni mo béèrè ní Computer Village. Ọkùnrin náà gbé e jáde nínú náílọ̀n tí wọ́n lẹ̀ pa, sítíkà ń dán. "Ọ̀gá mi, èyí ò tíì rí iná rí." Kò tíì rí iná rí! Mo wo sítíkà, mo sanwó. Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n yẹ ẹrù wò! Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, iná ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ibo ni ǹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, háàdì kan já kúrò nínú RAID. Mo fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, rebuild (títún gbogbo nǹkan kọ sórí tuntun náà) ò tíì kọjá ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún tí òmíràn tún fi já. RAID 5 kì í gba òkú méjì. Gbogbo fídíò lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni olè wọ stọ́ọ̀. Onístọ́ọ̀ ní kí n wá fi fídíò han òun. Fídíò wo?

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ smartctl -a, àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tí háàdì kọ nípa ara ẹ̀. Ó ní: ST8000DM004. DM! Barracuda, háàdì kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Power_On_Hours: 31,482. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ọkùnrin tó tà á fún mi ò tiẹ̀ ṣe wàhálà láti pa á rẹ́. Mo fi èékánná ká sítíkà náà, sítíkà àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀.

DM004 yẹn, SMR ni. Ìlà tó ń kọ nǹkan sí gun ara wọn bíi páànù orí ilé: tó bá fẹ́ tún ọ̀kan kọ, àfi kó tún àwọn tó gùn ún kọ. Ìgbà tó bá sinmi ló ń tún inú ara ẹ̀ tò, kámẹ́rà 16 ò sì ní jẹ́ kó sinmi. Á dákẹ́ lọ, RAID á rò pé ó ti kú, á lé e jáde. 55 TB àti wákàtí 2,400 lọ́dún ni wọ́n ṣe Barracuda fún. Ọdún ní wákàtí 8,760. Iṣẹ́ tèmi fẹ́ kọ nǹkan bí 84 TB sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún.

Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù." Ó tán. Ọkùnrin yìí kan náà ló fẹ́ tà mí ní server (kọ̀ǹpútà ńlá) tó ní ọpọlọ Xeon méjì, bẹ́ẹ̀ kí a kàn gba fídíò sílẹ̀ ò gba agbára tó bẹ́ẹ̀, háàdì ló ń jìyà. Mi ò gba oníṣọ́ọ̀bù kankan gbọ́ mọ́. Bóyá mò ń ṣe àṣejù. Ẹ lọ yẹ tiyín wò ná kẹ́ ẹ tó bá mi jiyàn.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti USB adapter tó ní páwà tiẹ̀ dání. Model àti serial inú smartctl gbọ́dọ̀ bá ti sítíkà mu. Àwọn gbájúẹ̀ tó gbọ́n máa ń dá wákàtí padà sí òdo, nítorí náà tó bá jẹ́ Seagate, ẹ tẹ smartctl -l farm (smartctl 7.4 sókè), àkọsílẹ̀ mìíràn tí háàdì fi pamọ́, kẹ́ ẹ fi wákàtí ibẹ̀ wé Power_On_Hours. Bí wọ́n ṣe mú àwọn àlòkù tí wọ́n ń tà bíi tuntun ní Jámánì níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 nìyẹn.

"HDD 4pcs" ló kọ sórí rìsíìtì tèmi. Ẹ ní kó kọ VX àti serial mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá kọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.